Salamanca, Mexico City àbí Havana: Ibo Ló Yẹ Kí Ẹ Ti Kọ́ Èdè Sípáníìṣì ní Yunifásítì?

Ogún orílẹ̀-èdè ló fi èdè Sípáníìṣì ṣe èdè ìjọba, ọ̀kan nínú wọn sì wà nílẹ̀ Áfíríkà wa yìí, kò jìnnà sí Calabar. Síbẹ̀, bí ọmọ Yorùbá kan ní London bá sọ pé òun fẹ́ gba dìgírì nínú èdè yìí àti àṣà àwọn tó ni ín, Madrid àti Barcelona ni gbogbo ilé máa kọ́kọ́ dárúkọ. Yunifásítì lèmi náà ti kọ́ ọ, òun ni mo sì fi ń jẹun báyìí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ohun táwọn òbí máa ń bi mí jù ni pé, "Níbo ni kó lọ?" Ìbéèrè lèmi náà máa ń fi dá wọn lóhùn: kí lọmọ náà fẹ́ máa kà, àwọn wo ló sì fẹ́ bá gbé? Gírámà ibì kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibòmíì. Ṣùgbọ́n ìwé tó máa kà, ohùn tó máa mọ́ ọn lẹ́nu àti ìtàn táwọn ará àdúgbò máa sọ fún un, ìlú tó bá gbé ló máa pinnu gbogbo rẹ̀.

Ìlú mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Salamanca ní Sípéènì, Mexico City, àti Havana ní Kúbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ dìgírì fúnra rẹ̀.

Dìgírì Bríténì àbí ti Sípéènì?

Ní Bríténì, ọdún mẹ́rin ni dìgírì èdè Sípáníìṣì sábà máa ń gbà, òkèèrè sì lakẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń lo ọdún kẹta. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló ń gba ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè náà. Wọ́n á ki eré mọ́ ọn lọ́dún àkọ́kọ́ kó lè lé àwọn tó ti ṣe é ní A-level bá. Wọ́n gbà kéèyàn pa á pọ̀ mọ́ òfin, ìtàn, ìṣèlú tàbí èdè míì, àgàgà èdè Potogí, tó máa wúlò gan-an fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí Bahia ní Bràsíl. Lítíréṣọ̀ Sípéènì àti ti Látìn Amẹ́ríkà, fíìmù, ìtàn ogun abẹ́lé tó jà ní Sípéènì láti 1936 sí 1939, wọ́n á fi gbogbo rẹ̀ tọ́ yín lẹ́nu wò, kí ẹ tó mú èyí tó bá wù yín.

Ti Sípéènì yàtọ̀ pátápátá. Filología Hispánica ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀, ọdún mẹ́rin lòun náà, kírédíìtì 240. Kò sí kíláàsì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ máa jókòó ti ń sọ èdè náà láti ilé ìyá wọn, olùkọ́ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wo kíláàsì ìtàn èdè, fún àpẹẹrẹ. Olùkọ́ á kọ ọ̀rọ̀ Látìn kan sójú pátákó, filium, tó túmọ̀ sí ọmọkùnrin, á wá máa kọ òmíì sábẹ́ rẹ̀ títí á fi di hijo tí wọ́n ń sọ lónìí. Á fi hàn yín bí f ṣe di èémí lásán lẹ́nu àwọn ará Kastílì àtijọ́, ilẹ̀ tí èdè náà ti ṣẹ̀ ní Sípéènì, bí èémí náà ṣe pòórá nígbà tó yá, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà h tó ṣẹ́ kù kì í dún mọ́. Lẹ́yìn náà á ní kí ẹ fi òfin kan náà ṣàlàyé bí facere ṣe di hacer. Ẹni tírú iṣẹ́ yìí bá dùn mọ́ débi pé kò fẹ́ kí kíláàsì parí, Sípéènì ni kó lọ. Ẹni tó jẹ́ pé orin, fíìmù àti ìṣèlú ló fà á wá sídìí èdè náà, ó máa sú u kí ọdún kìíní tó jálẹ̀.

Kí òbí tó wà ní Nàìjíríà mọ̀ pé owó ilé ìwé ní yunifásítì ìjọba Sípéènì kéré gan-an sí ohun tí Bríténì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ìjọba Sípéènì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí girama ọmọ náà, ètò tí wọ́n ń pè ní homologación, á sì tún gba ọ̀dọ̀ UNEDasiss, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wò, kọjá kí yunifásítì tó lè gbà á wọlé. Ètò yìí máa ń falẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó máa wá ilé tàbí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá ń gbé Bríténì tí kò tíì gbọ́ èdè náà dáadáa, kó gba dìgírì rẹ̀ níbẹ̀, kó wá fi làákàyè yan ìlú tó ti máa lo ọdún kẹta. Ìlú yẹn ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ohùn tó máa mọ́ yín lẹ́nu

Inú ọmọ Yorùbá yẹ kó dùn síbí. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni èdè Sípáníìṣì ní, gbogbo márààrún sì ti wà nínú méje tiwa. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì á máa bá o àti e jìjàkadì, tiyín á ti jáde geere. Kọ́ńsónáǹtì ló ń ya ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú.

Ní Salamanca, z, àti c tó bá ṣáájú e tàbí i, máa ń mú kí ahọ́n kan eyín, bí ìgbà téèyàn ń pe th Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan, vosotros, fún àwọn ọ̀rẹ́ tó bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Ní Mexico City, kò sí ìyàtọ̀ láàárín z àti s, ustedes ni wọ́n sì ń lò fún gbogbo èèyàn, ọ̀rẹ́ àti àjèjì. Wọ́n máa ń pe s wọn ketekete débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè lè máa kà á bí ẹni ń ka owó. Ohùn yìí náà ni àìmọye fíìmù tí wọ́n túmọ̀ fún Látìn Amẹ́ríkà fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ibi tí wọn ò ti gbọ́ ọ.

Havana ló le jù fún etí. S tó bá parí sílébù á di èémí tàbí kó sọ nù, r á fẹ́ di l, ọ̀rọ̀ mẹ́rin á wọnú ara wọn di ẹyọ kan. Ẹni tí èdè rẹ̀ kò tíì tó ìpele B1 (ìkẹta nínú ìpele mẹ́fà tó lọ láti A1 dé C2) máa jókòó sínú bọ́ọ̀sì láìgbọ́ nǹkan kan, ìrẹ̀wẹ̀sì á sì bá a. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ fi Havana bẹ̀rẹ̀ èdè yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀ tó sì là á já, kò sí orílẹ̀-èdè míì tí ohùn wọn máa dẹ́rù bà á mọ́.

Ẹ má fòyà pé ìdánwò á fìyà jẹ yín nítorí ohùn ibi tí ẹ gbé. DELE, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbọ́ Sípáníìṣì tó, gba ohùn orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, bí ẹni náà kò bá ṣáà ti ń lú ohùn ibí pọ̀ mọ́ tọ̀hún.

Ìwé tí ẹ máa kà, èèyàn tí ẹ máa bá pàdé

Ọba Alfonso IX ti León ló dá yunifásítì Salamanca sílẹ̀ ní 1218, kò sì sí èyí tó dàgbà jù ú lọ nínú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Sípéènì. Ìlú yìí ni Antonio de Nebrija ti tẹ ìwé gírámà èdè Kastílì àkọ́kọ́ jáde ní 1492. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Fray Luis de León, akéwì àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí Ìnkísísọ̀n, ilé ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì, tì mọ́lé láti 1572 sí 1576, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn bẹ́ńṣì onígi rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbòǹgbò lítíréṣọ̀ Sípéènì láti ayé àtijọ́ kò ní rí ibi tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú náà kò tóbi, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín já. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn àjèjì tó wá kọ́ èdè pọ̀ níbẹ̀ jọjọ. Bí ẹ bá ń bá àwọn tó wá láti Bríténì jẹun lójoojúmọ́, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa sọ padà sílé.

Mo tún gbọ́dọ̀ dárúkọ Granada fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń béèrè pé ibo ni èèyàn dúdú wà nínú ìtàn Sípéènì. Ibẹ̀ ni Juan Latino, ọkùnrin dúdú tó ti jẹ́ ẹrú rí, ti di olùkọ́ èdè Látìn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní 1573 ó tẹ ewì gígùn jáde lédè Látìn lórí Lepanto, ogun ojú òkun tí àwọn Kristẹni bá àwọn ará Tọ́kì jà. Ààfin Alhambra tí àwọn Mùsùlùmí kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ìtàn ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Yúróòpù bá wù láti kọ́ kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìlú yẹn.

Mexico City ní tirẹ̀ gbòòrò ju Salamanca lọ fíìfíì. Mẹ́síkò lorílẹ̀-èdè tí àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì pọ̀ sí jù láyé. UNAM, yunifásítì ìjọba tó jogún èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1551, ní ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn àjèjì, CEPE, tó ti ń kọ́ wọn ní èdè àti àṣà láti 1921. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé ìkówèésí ńlá rẹ̀ ni Juan O'Gorman fi òkúta aláwọ̀ oríṣiríṣi to ìtàn Mẹ́síkò sí. Sípáníìṣì nìkan kọ́ lẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀ níbẹ̀: èdè ìbílẹ̀ 68 ni ìjọba kà sí èdè orílẹ̀-èdè, Nahuatl sì wà lára wọn. Ẹ máa ka Sor Juana Inés de la Cruz, obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin láti kàwé. Bí ẹ bá dé Veracruz, ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yanga, orúkọ ọkùnrin Áfíríkà tó kó àwọn ẹrú tó sá lọ jọ, tó sì bá àwọn ará Sípéènì jà títí wọ́n fi gbà fún wọn. Ọdún 2019 ni òfin orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà.

Ní ti Havana, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí kò sí ibòmíì tí ọmọ Yorùbá ti máa lọ kọ́ Sípáníìṣì tí àwọn onílé á tún fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Yunifásítì Havana ti wà láti 1728. Orí òkè kan ní àdúgbò Vedado ló wà báyìí, àtẹ̀gùn òkúta fífẹ̀ ló gòkè lọ bá ère obìnrin tó jókòó, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkọ́ àwọn àjèjì ní Sípáníìṣì lọ. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń fọ́ Ọ̀yọ́ àti lẹ́yìn tó fọ́ tán, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa lọ sí erékùṣù yẹn. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Kúbà.

Nítorí náà, ìmọ̀ nípa Yorùbá wà láàárín gbùngbùn ẹ̀kọ́ àṣà Kúbà. Fernando Ortiz, agbẹjọ́rò tó di onímọ̀ àṣà, ló gbé èrò transculturación jáde ní 1940, pé bí àṣà méjì bá pàdé, olúkúlùkù máa pàdánù nǹkan, á sì gba nǹkan. Kò sí ẹ̀ka Sípáníìṣì kan tó já mọ́ nǹkan lónìí tí kì í lo èrò náà. Lydia Cabrera kó ọ̀rọ̀ Lucumí jọ láti ẹnu àwọn àgbà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957. Nicolás Guillén, ọ̀kan nínú àwọn akéwì tó lókìkí jù ní Kúbà, kọ ewì kan tó ti pe ara rẹ̀ ní ọmọ Yorùbá.

Bí ẹ bá dé ilé olórìṣà ní Guanabacoa tàbí ní Matanzas, ẹ máa rí ohun tí ìwé kò lè fún yín. Àgbà á bu omi sínú igbá kékeré, á máa ta á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á ní: omi tuto, ona tuto, ile tuto. Lẹ́yìn náà á ṣe moyugba, ìyẹn ìjúbà, á máa dárúkọ àwọn òkú ìdílé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì máa dáhùn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti sọ nù nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ara yín á bù máṣọ. Ó ṣeé ṣe kí àgbà náà má lè túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ tó ń fi wọ́n ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá délẹ̀, tó sì lè fi Sípáníìṣì béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lè gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè dá gbọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ohun ìní ni èyí jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n má sì ṣe dé ọ̀hún kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣe. Èdè tiwọn ni Lucumí, wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn pa á mọ́ lábẹ́ pàṣán. Kí wọ́n kí wọn bí wọ́n ṣe máa kí bàbá àgbà nílé, kí wọ́n sì gbọ́ ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ.

Mo mọ̀ pé òbí tó jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà lè máa wò ó pé ṣé ọmọ òun kò ní lọ ṣe òrìṣà. Ẹnikẹ́ni kì í fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ohunkóhun. Ibi ìkówèésí, orin, ewì àti ìtàn ìjà òmìnira Kúbà tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ débi ojúbọ.

Iná, owó àti físà

Ibí ni Havana ti máa pàdánù. Ní oṣù kẹwàá 2024, gbogbo iná mànàmáná orílẹ̀-èdè náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Oúnjẹ àti oògùn wọ́n, íntánẹ́ẹ̀tì ń fà, káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àìsàn tó ń béèrè oògùn lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ láì kó gbogbo rẹ̀ dání.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ títí á fi pẹ́ jù. Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Bríténì lè fi ESTA, ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ Amẹ́ríkà láìgba físà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2021 wá kò lè lo ESTA mọ́, físà gidi ló máa lọ gbà, pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Houston tí ẹ máa ń lọ kí ní gbogbo Kérésì, ẹ rò ó wò dáadáa.

Ní ti Sípéènì, láti ìgbà tí Bríténì ti kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, ẹni tó bá fẹ́ lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́ gbọ́dọ̀ gba físà akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ibẹ̀ gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ṣiṣẹ́ tó wákàtí 30 lọ́sẹ̀, bí iṣẹ́ náà kò bá ṣáà dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Mẹ́síkò gba ọmọ Bríténì láyè tó 180 ọjọ́ láìsí físà, èyí tó tó fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Ohun tó máa kọ́kọ́ bá yín jà níbẹ̀ ni òkè: ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 2,240, ẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìwé ẹ̀rí tí ẹ lè mú kúrò níbẹ̀

Yàtọ̀ sí dìgírì, ẹ máa fẹ́ ìwé tó fi hàn pé ẹ gbọ́ èdè náà. DELE ti Instituto Cervantes, iléeṣẹ́ ìjọba Sípéènì tó ń gbé èdè náà lárugẹ, kì í kú títí láé, ó sì wà ní ìpele mẹ́fà láti A1 dé C2. SIELE yá jù, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Instituto Cervantes, Salamanca, UNAM àti yunifásítì Buenos Aires ló jọ gbé e kalẹ̀, àmọ́ ọdún márùn-ún péré ló ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ di olùkọ́ tàbí òǹgbifọ̀, ẹ má fi SIELE ṣòfò, ẹ lọ gba DELE C1. Instituto Cervantes wà ní London àti Manchester. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, Dakar ni wọ́n ṣí i sí ní 2021.

Malabo ńkọ́?

Ìlú ńlá kan ní Equatorial Guinea ni, lórí erékùṣù Bioko, òun ló sì sún mọ́ wa jù. Equatorial Guinea gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 1968, Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló sì ṣiṣẹ́ ní oko kòkó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pe erékùṣù náà ní Fernando Po. Síbẹ̀, kò sí nínú ECOWAS, físà lẹ máa gbà, n kò sì rí i bí ibi tí àjèjì ti lè gba dìgírì èdè pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé wọn ni kí ẹ kà, Donato Ndongo àti Juan Tomás Ávila Laurel. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọdún kẹrin lórí wọn dáa gan-an, torí àwọn tó ń kọ ọ́ kò pọ̀.

Bí èmi bá máa yàn

Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba, òwò tàbí ìròyìn, Mexico City ni kó lo ọdún kẹta rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ tàbí tí gbòǹgbò èdè dùn mọ́, Salamanca. Ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá nílé, tí èdè Sípáníìṣì rẹ̀ ti tó B2, tí ara rẹ̀ sì le, n kò ní jẹ́ kó parí dìgírì láì dé Havana. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọdún kan gbáko. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Bríténì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ pín ọdún náà sí méjì: kó lo sáà àkọ́kọ́ ní Salamanca, níbi tí iná wà tí olùkọ́ á ti bá a tún gírámà tò, kó sì lo sáà kejì ní Kúbà. Kí ó lọ béèrè èyí ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọdún òkèèrè gbàrà tí ọdún kejì bá bẹ̀rẹ̀, torí físà orílẹ̀-èdè méjì ló máa wá.